Oògùn ọmọ mi kì í ṣe oògùn JAMB

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn ti gbọ́ pé ọmọ mi ń lo methylphenidate, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ritalin, nítorí ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè pọkàn pọ̀ tàbí jókòó ti nǹkan, ni wọ́n ti ń pè mí pé kí n fi káàdì kan ránṣẹ́, kí ọmọ wọn fi ṣe JAMB. Mo mọ̀ pé wọn ò dá nìkan wà, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé síta nìyẹn.

Kì í ṣe oògùn ìsọ̀yè o. Orí ọmọ mi pé. Ẹ bi í ní ìṣirò, ẹnu yín ò ní tíì padé tó fi máa dáhùn. Ẹ wá ní kó gòkè lọ wọ ìbọ̀sẹ̀, kó gbé báàgì, kó máa bọ̀. Orí àtẹ̀gùn lẹ ó ti bá a, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ kan, ó ń tú bírò sí wẹ́wẹ́. Báàgì ńkọ́? Ó ti gbàgbé pé ẹ dárúkọ báàgì. Ẹ lù ú títí, ọ̀la ńkọ́, bákan náà ni.

Apá iwájú ọpọlọ ló ń báni to iṣẹ́: èwo ló ṣáájú, ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀, kí ló kù. Iṣẹ́ yìí làwọn dókítà ń pè ní executive function, òun sì ni ADHD máa ń mú mẹ́hẹ. Oògùn náà ń jẹ́ kí dopamine àti noradrenaline, àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, pọ̀ sí i níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, kí ọmọ lè dúró ti ohun tó ń ṣe. Ìwé téèyàn ò kà, kò lè bá a kà á.

Ó sì ní tiẹ̀ lára. Oúnjẹ ọ̀sán ọmọ mi máa ń padà wálé bó ṣe lọ. Alẹ́ ló ń jẹ àmàlà bí ẹni tó ti oko dé. Bó bá pẹ́ kó tó lò ó láàárọ̀, oorun di ìjà. Kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un, wọ́n bi wá bóyá àìsàn ọkàn wà nínú ẹbí, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti lílù ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n wọn gíga àti ìwúwo rẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n títí di òní. Ta ni yóò ṣe èyí fún ẹni tó gba tirẹ̀ nínú báàgì àlejò? Àwọn ọmọ mìíràn wà tí kò bá lára mu. Lisdexamfetamine ni wọ́n ń fún àwọn kan, àwọn mìíràn ń lo atomoxetine tàbí guanfacine.

Níbí ní London, òfin ń ṣọ́ oògùn yìí gidigidi. Ẹni tó bá pín tirẹ̀ fún ẹlòmíràn ti rúfin. Lọ́dún 2023 ó tilẹ̀ wọ́n débi pé àwọn tó nílò rẹ̀ gan-an ń ti ilé oògùn kan dé òmíràn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò lè jókòó ti nǹkan láti kékeré, nílé àti níléèwé, dókítà ọpọlọ ọmọdé wà ní UCH, ẹ gbé e lọ. Èyí tí kò kàn fẹ́ kàwé, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Dámilọ́lá,
Peckham, London