Ìbọn abuké tí màmá aládùúgbò mi jogún

Houston, Texas

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun? Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo bá dé. Ìwọ ọmọ ọdẹ ni yóò yé.

Màmá òyìnbó tí ilé wọn kángun sí tèmi ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ wọn ti kú, ìbọn kan ló kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oníṣòwò kan fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún dọ́là gbà á, ó ní irin àtijọ́ lásán ni. Mo kọ́kọ́ yẹ inú rẹ̀ wò bóyá ọta wà níbẹ̀, kò sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ iké ni mo fi dá a mọ̀: Remington Model 11.

John Browning ló gbọ́n ọgbọ́n rẹ̀. Òun àti Winchester, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn, jà lórí owó, ló bá gbé e lọ sí Remington, iléeṣẹ́ ìbọn mìíràn, ní January 1902. Ibi tó ti ń dúró de ọ̀gá wọn, Marcellus Hartley, ni wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀gá ti kú. Ló bá gbọ̀nà Belgium. Ọdún 1905 ni Remington ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Lápá òsì ọ̀pá ìbọn náà, lẹ́tà kéékèèké méjì wà níbẹ̀: D àti G. BLACKPOWDERX ni Remington fi ń ka oṣù. B ni January, L ni February, títí dé X tó jẹ́ December. Ẹ̀tù dúdú lọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́tà mọ́kànlá péré ló ní, ni wọ́n bá so X mọ́ ọn nídìí kó lè pé méjìlá! D bọ́ sí September. Lẹ́tà kejì ni ọdún: A ni 1932, G ni 1938. Àmọ́ ọjọ́ orí ọ̀pá nìyẹn o, torí ó ṣeé yọ, ẹlòmíì sì lè ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti owó, ẹnìkan ti jó irin rìbìtì kan mọ́ ẹnu rẹ̀, èyí tí wọ́n ń yí kí ọta lè fọ́n ká tàbí kó ṣù jọ. Pákó iwájú náà ti sán. Bí ìbọn yìí bá dún, ọ̀pá rẹ̀ gan-an ló ń sáré padà sẹ́yìn. Òrùka kan nínú pákó yẹn ni bíréèkì rẹ̀, wọn ò sì tò ó bó ṣe yẹ. Mo fojú bù ú sí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta dọ́là. Ọmọ wọn ti ra sáńpépà, ó fẹ́ kó máa dán! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà. Àwọ̀ dúdú tó ti ṣá yẹn gan-an lowó rẹ̀ wà.

Nígbà tí màmá gbọ́ 1938, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdún kan péré ni ìbọn fi jù àwọn lọ. Wọn ò tà á mọ́.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì Bàbá ńkọ́? Bá mi wo abẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí o bá rí ELG nínú òbìrìkìtì kan tó dé adé, Liège ní Belgium ni wọ́n ti dán an wò. Ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá kí o tó fọwọ́ kàn án o. Mi ò sí nílé láti bá ọ bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni,
Àkànní