Bí báàsì I2C bá há, ẹ má ṣe fi àtúntàn tàn wá

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń kọ driver (ètò tó ń darí ẹ̀rọ kan) fún kernel Linux (ọkàn ètò Linux) pé àtúntàn kọ̀ǹpútà kì í ṣe oògùn báàsì I2C tó há. Okùn méjì tí àwọn chip fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni báàsì yìí: SDA ń gbé dátà, SCL ń gbé clock, ìyẹn ìlù tí dátà ń tẹ̀ lé. Nígbà púpọ̀, kì í tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́, nítorí iná kì í kúrò lára chip tó di SDA mú.

Ohun tó ń fà á ni pé controller (ẹ̀rọ tó ń darí báàsì náà) dá iṣẹ́ dúró láàárín báìtì kan. Chip tó ń fèsì ṣì ń retí clock tó kù, kò sì jẹ́ kí SDA gòkè. Driver tó kàn dá -ETIMEDOUT (àṣìṣe pé àkókò ti kọjá) padà kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ yí SCL sí GPIO (ẹsẹ̀ chip tí ètò lè gbé sókè tàbí sílẹ̀ fúnra rẹ̀), ẹ fún un ní clock 9, bíìtì 8 pẹ̀lú ACK (èsì pé a ti gbà á), kí ẹ máa wo SDA. Bó bá ti gòkè, ẹ fi STOP (àmì òpin iṣẹ́) ránṣẹ́. Function i2c_generic_scl_recovery inú kernel ń ṣe é. Struct i2c_bus_recovery_info (àkójọ tí driver fi ń sọ bí a ṣe ń tú báàsì náà) nìkan ni kí ẹ kún fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: ẹ pa àmì interrupt (ìpè tí ẹ̀rọ fi ń ké sí kernel) tó ṣẹ́kù rẹ́ kí ẹ tó tún controller bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ interrupt àtijọ́ ni yóò kéde pé iṣẹ́ tuntun ti parí. Bó bá jẹ́ SCL ló há, clock kò lè tú u. Reset chip náà ló kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlà Fixes: (tó ń tọ́ka sí àtúnṣe tó mú àṣìṣe náà wá) àti ìlà Cc: stable@vger.kernel.org sí i, kí àtúnṣe náà lè dé kernel àtijọ́.

Àwa tó ń tọ́jú driver