Ẹ Wọn Ẹnu Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Wọn Gìtá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà àwa tí a ń fi lẹ́tà dà yín láàmú. Àpótí ni mò ń kàn fún àwọn olórin. Kí n tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo bá ẹgbẹ́ eléré gbé ẹrù fún ìgbà pípẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yìn mi ti gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́ ọ.

Oníbàárà á wọlé, á na ọwọ́ méjèèjì gbalaja, á ní: “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ kó wọnú ẹ̀ o. Gìtá, ampilifáyà, míkísà, wáyà, makirofóònù, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ ṣáà bá mi fi táyà sí i nídìí.” Èmi á ní kó jókòó ná. Àpótí tó gba gbogbo ẹ̀ ni àpótí tó burú jù tí ẹnikẹ́ni lè kàn fún olórin, táyà ìdí rẹ̀ kò sì lè gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí, pàápàá fún ẹni tó ti ya àwòrán tirẹ̀ sínú ìwé kó tó wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Pílíwúùdù igi birch tó nípọn mìlímítà 9, èyí tí àwa tí a ń kan àpótí alágbára fẹ́ràn jù, wúwo tó nǹkan bíi kílò 6 fún mítà kan níbùú lóròó. Àpótí ńlá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ga ní 60, á jẹ mítà 3.6 níbùú lóròó nínú pákó náà. Kílò bíi 22 nìyẹn, kí a tó kan irin mọ́ igun rẹ̀, kí a tó fi họ́ńjì àti ìkọ́ àti ọwọ́ sí i, kí gìtá kan ṣoṣo tó wọ inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́ ní ìlànà kan tí wọ́n fi ń ṣírò ẹrù gbígbé. Kílò 23 ni ìṣírò náà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nígbà tí ohun gbogbo bá rọgbọ: ẹrù sún mọ́ ara, ọwọ́ rí ibi dì mú dáadáa, ẹni tó ń gbé e kò yí ìbàdí, kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti na apá síwájú láti ti nǹkan wọ búùtù mọ́tò, iye náà ti ń já wálẹ̀ nìyẹn. Àpótí òfìfo wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Wọ́n á ní táyà ṣáà wà níbẹ̀. Táyà ń ṣiṣẹ́ níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé orí pèpéle, ibo ni ilẹ̀ ti tẹ́jú tán? Àtẹ̀gùn lè wà níbẹ̀, ìloro lè wà níbẹ̀, koríko tàbí yanrìn lè wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ga nílẹ̀. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, táyà di ẹrù tí a ń gbé kún ẹrù.

Ìtàn báàgì onítáyà pàápàá kọ́ wa nípa èyí. Ní 1972, Bernard Sadow gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí báàgì tó fi táyà mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń fà á. Ní 1987 ni Robert Plath, tó jẹ́ awakọ̀ òfurufú, gbé báàgì dìde dúró lórí táyà méjì, tó sì fún un ní ọwọ́ gígùn tó ṣeé fà jáde. Táyà kì í ṣe ohun tuntun mọ́ nígbà náà. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí ìwúwo ẹrù fẹ̀yìn tì, àti bí ọwọ́ ènìyàn ṣe jìnnà sí i tó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àgbékalẹ̀ wà. Ẹni tó kàn de táyà mọ́ ìdí àpótí kò tíì gbé nǹkan kan kalẹ̀.

Àwọn àgbà ló ní igi ganganran má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ohun tí mo máa ń bi oníbàárà kí n tó mú téèpù ni pé: ẹnu ọ̀nà wo ló há jù níbi tí ẹ ti ń ṣeré? Báwo ni búùtù ọkọ̀ yín ṣe jìn tó? Ta ni yóò gbé e, ṣé ẹ̀yin nìkan ni àbí ẹ ní olùrànlọ́wọ́? Òfin àwọn aláàbọ̀ ara ní Amẹ́ríkà ní kí ẹnu ọ̀nà ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní àlàfo íǹṣì 32, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 81, bí ilẹ̀kùn bá ṣí tán. Ilé àtijọ́ ò sì gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Àpótí tó bá ti ju 75 lọ níbùú, ìka ẹni tó ń gbé e ni férémù ilẹ̀kùn máa kọ́kọ́ kí.

Ohun tí mo ń kàn báyìí ni àpótí kéékèèké tí ìdí wọn dọ́gba, 60 sí 40 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n lè gun ara wọn lórí. Mi ò ṣèèṣì mú ìwọ̀n yẹn. Páálẹ́ẹ̀tì, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé, èyí tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù jẹ́ 120 sí 80, mẹ́rin nínú àpótí yìí bò ó láìṣẹ́ kù. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2.4, mẹ́rin ló tún máa tò síbẹ̀ bí ẹ bá fi gígùn wọn dábùú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń rìnrìn àjò eré máa ń lo 120 sí 60, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, torí wọ́n ní pákó ìgòkè, wọ́n sì ní ọ̀pọ̀ ọwọ́. Olórin tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé ohun èlò ara rẹ̀ kò ní ìkankan nínú méjèèjì, àmọ́ àpótí tiwọn ló ń wù ú.

Bí irú àpótí bẹ́ẹ̀ bá ga ní 40, tí mo sì lo pákó mìlímítà 6.5, pákó rẹ̀ kò ní tó kílò 6. Bí mo bá fi irin àti ìkọ́ sí i, kò ní ju 8 lọ. Kílò 15 ṣì kù fún ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí mo fi ń gbé wọn jókòó: etí òkè àpótí ìsàlẹ̀ ga díẹ̀, ẹsẹ̀ tòkè sì bọ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n má yọ̀ kúrò lórí ara wọn. Ọkọ̀ ìtì ni mo ń dá ṣe lọ́tọ̀, pákó pẹlẹbẹ kan tó ní táyà méjì tó tóbi dáadáa lẹ́yìn (kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó lè gun àtẹ̀gùn), tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣeé ká. Ampilifáyà máa ń wà nísàlẹ̀, wáyà àti nǹkan fífúyẹ́ lókè, bẹ́líìtì kan á di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ká ọkọ̀ ìtì, ẹ sọ ọ́ lé wọn lórí. Wọ́n á ní ó ń gba àkókò. Ó ń gbà á lóòótọ́.

Gìtá àti kíbọ́ọ̀dù kò lè wọ inú èyí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gìtá iná mànàmáná gùn tó nǹkan bíi mítà kan, kíbọ́ọ̀dù onítẹ̀ 88 sì lè gùn tó mítà 1.3. Kí wọ́n ní ilé tiwọn, kí wọ́n máa gun èjìká tàbí kí wọ́n dúró síwájú ọkọ̀ ìtì.

Gìtá ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ló ń kú ikú òjijì jù. Ibi tí ọrùn ti pàdé orí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣẹ́, àgàgà èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Igi ibẹ̀ tín-ín-rín, àwọn okùn rẹ̀ sì ń fà á tọ̀sán-tòru. Bí àpótí bá ṣubú sẹ́yìn, ara gìtá á dúró, orí rẹ̀ á ṣì máa lọ. Wọ́n á wá rọ fóòmù sí i tìrìgbọ̀ngbọ̀n, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí gìtá pẹ́kípẹ́kí, wọ́n á ní àwọ́n ṣọ́ ọ. Ọrùn ni kí ẹ gbé ró! Ẹ fi ìrọ̀rí gbé ọrùn láti abẹ́, kí orí fúnra rẹ̀ wà lófuurufú, kí ó má kan ohunkóhun lẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé àpótí gìtá wá fún àtúnṣe, mo máa ń ti ìka bọ abẹ́ orí gìtá náà. Bí ìka mi kò bá kọjá, mo ti mọ ìròyìn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Fóòmù pàápàá ní irú. Fóòmù rírọ̀ bíi ti inú tìmùtìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní polyurethane, máa ń jẹrà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ọ̀rinrin á jẹ ẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, á sì máa rún. Polyethylene ni mo fẹ́ràn, ó le díẹ̀, kì í mu omi. Bí ó bá sì jẹ́ pé fáníìṣì nitrocellulose ni wọ́n fi kun gìtá yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí rọ́bà kàn án fún ìgbà pípẹ́, nítorí àwọn rọ́bà àti fóòmù kan máa ń mú kí fáníìṣì yẹn rọ̀, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ. Aṣọ òwú funfun tó mọ́ ni kó wà láàárín wọn.

Èyí gbé mi dé ibi tí àwọn oníbàárà kì í bi mí léèrè rárá. Inú àpótí ni ohun èlò orin ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ oorun. Àwọn tó ń ṣe gìtá onígi fẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó yí i ká wà láàárín ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi á sún kì, á sì là. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, igi á wú. Nítorí náà, mo máa ń fi àpò kékeré kan sínú ìdérí fún sílíkà tó ń fa omi, irú èyí tí ẹ lè yan gbẹ kí ẹ tún lò ó. Àmọ́ àpótí tó dé pinpin kò mọ ohun rere yàtọ̀ sí burúkú: bí olùfun fèrè bá ti fèrè rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ láì nù ún, omi yẹn ló máa bá sùn. Oòrùn nìkan ni mi ò ní ìdáhùn sí. Inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè gbóná kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ọ̀pọ̀ gìtá sì ti ń rọ̀ ní sàkáání ibẹ̀. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ ni o.

Nítorí oorun inú àpótí yìí kan náà ni mo fi ń gbé ilẹ̀kùn sí iwájú àpótí dípò òkè. Bí wọ́n bá ti tò ó jọ sí kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ lè ṣí ti ìsàlẹ̀ láìgbé tòkè kúrò, ó di kọ́bọ́ọ̀dù yín.

Fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ férémù, iṣẹ́ ti rọrùn, torí gbogbo ayé ti fẹnu kò sí íǹṣì 19, mìlímítà 482.6, fún ojú ẹ̀rọ náà, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ga ní 44.45. Ẹ ṣáà rántí ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà tó wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ nílò àyè láti tẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀kùn á máa ká a kò títí ihò rẹ̀ á fi já.

Àwọn kan á ní flight case, àpótí alágbára tí wọ́n ń kàn fún ẹrù bàálù, ni àwọn fẹ́, torí irin igun rẹ̀ ń dán. Àpótí tó bá kúnjú ìwọ̀n ìpele kìíní nínú Spec 300, ìyẹn ìlànà àpótí ẹrù ti ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ lè fara da ìrìn àlọ-àbọ̀ 100, ó kéré tán. Ẹni tí àwọn ẹlòmíì ń bá ju ẹrù rẹ̀ sókè sódò nílò rẹ̀. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àpò tó nípọn dáadáa tó o. Bí ẹ bá sì ń wọ bàálù, ẹ ní kí káfíńtà yín fi àpò bátìrì sí ibi tó ti ṣeé yọ kíákíá: bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ lọ sí abẹ́ bàálù, ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e wọlé, èyí tó bá sì ju wátì-wákàtí 100 lọ títí dé 160 gba ìyọ̀ǹda iléeṣẹ́ bàálù.

Mo ní àwòrán àpótí 60 sí 40 yìí àti ọkọ̀ ìtì rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n. Bí ẹ bá lè yọ̀ǹda ìdajì ojú ìwé fún un, màá fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ayùn kàn án láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ohun kan péré ni mi ò yà sínú rẹ̀: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí mo máa ń ya bí wọ́n ṣe to ohun èlò sí inú. Oníkálukú ni yóò ya tirẹ̀, kí ọmọ tó ń bá a palẹ̀ mọ́ ní òru má baà máa fi ohun èlò dánwò káàkiri inú àpótí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà àpótí olórin