Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ẹ Wá Gbọ́ Òfin ní Èdè Tí Ẹ Gbọ́

Ẹpẹ, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìnáwó orí ọmọ. Àwọn ọmọ ti wọlé padà, kíláàsì sì ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí látòkèdélẹ̀, kì í ṣe gẹ́ẹ́sì tí a máa ń fi ránṣẹ́ sí yín tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Bí sáà tó kọjá ṣe ń parí lọ, ìyá ọmọ wa kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló bá wá. Ìwé olójú mẹ́ta kan ló mú lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó tẹ̀ka sí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní JSS 2 ló ti kọ́kọ́ bá a kà á nílé. Ọmọ náà kà á dé ibì kan, ó bá ọ̀rọ̀ tí kò yé e pàdé, ó fò ó. Ọ̀rọ̀ tó fò yẹn gan-an ni gbogbo ìwé náà dá lé lórí: pé ìyá yìí àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti yọwọ́ yọsẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ohun tí obìnrin náà rò ni pé risíìtì owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n ní kó tẹ̀ka sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì tẹ̀ ẹ́.

Ojú ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Nígbà tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn fún ìyá rẹ̀, ńṣe ló dorí kodò bí ẹni tó ṣẹ̀. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Àwa àgbà la gbé ẹrù tó jù ú lọ lé e lórí, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní Ẹpẹ yìí. Láti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn olùra ilẹ̀ ti ń wọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹpẹ, kò sí agbo ilé tí wọn kì í ti gbé ìwé wá pé kí ẹnì kan fọwọ́ sí i.

Èmi àti àwọn olùkọ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ní sáà yìí, a ó ṣí gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa sílẹ̀ ní Sátidé mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ òfin. Àwọn agbẹjọ́rò yóò wá bá wa sọ̀rọ̀, ìjíròrò yóò wà, àwọn ọmọ yóò ṣe eré ìgbẹ́jọ́, ẹ̀yin náà yóò sì béèrè ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn. Èdè Yorùbá la ó fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sọ fún àwọn agbẹjọ́rò tó gbà láti wá pé ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé òfin fún alájàpá kó yé e, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú, ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ tí Olóyè Olúwa ti Èkó, Àmọ́dù Tìjání, pè lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay ló bá a wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ìdájọ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ará ìdílé àti ìlú ló ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú tó bá a mu. Láti ìgbà náà wá, àwọn kọ́ọ̀tù wa ti là á yé wa bí títa rẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tà á lójú òfin. Bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á láìgbọ́ tẹnu àwọn àgbà ẹ̀ka tó kù, àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ lè lọ sí kọ́ọ̀tù kí wọ́n wọ́gi lé e. Àmọ́ kí wọ́n tètè lọ o. Ẹbí tó bá dákẹ́ títí ẹni tó ra ilẹ̀ fi kọ́lé parí yóò rí i pé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti tutù.

Agbẹjọ́rò tí yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà yóò ṣàlàyé sọ́fè, ìwé àṣẹ gómìnà, àti ohun tí òfin ilẹ̀ ti 1978 sọ, tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Yóò tún mẹ́nu ba òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 lórí àwọn tó ń fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹnu mọ́ jù lọ ni òfin àtijọ́ kan tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ sínú rẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ yẹn, ó ń jẹ́rìí pé òun ka ìwé náà sí onítọ̀hún létí, òun sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó tẹ̀ka. Ìwé tí wọ́n gbé wá bá ìyá oníẹja wa kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ lára rárá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn.

Àwọn ọmọ SS 1 yóò kópa lọ́jọ́ kan náà. Olùkọ́ ìtàn wa ń kọ́ wọn ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú yìí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, nígbà tí Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, tọwọ́ bọ àdéhùn Ẹpẹ. Ẹ̀yin ọmọ Èkó-Ẹpẹ mọ bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní 1851. Nínú àdéhùn náà, ó gbà pé òun kò ní jà láti gba Èkó padà mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé Kòsọ́kọ́ ló ni èbúté Palma, wọ́n sì ní àwọn yóò máa san owó fún un lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ yóò pín ara wọn sí méjì, wọn yóò jiyàn lórí ìbéèrè kan: ta ni àdéhùn yìí ṣe lóore? Mo ti jókòó tì wọ́n lẹ́ẹ̀kan níbi tí wọ́n ti ń gbáradì. Bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò ni wọ́n ń béèrè pé, "Kí ni eléyìí gbà lọ́wọ́ wa? Kí ló fún wa?" Bó ṣe yẹ ká máa ka ìwé àdéhùn nìyẹn.

Sátidé ọ̀sẹ̀ karùn-ún jẹ́ ti ogún. Ìjíròrò ni ọjọ́ náà: agbẹjọ́rò kan, ààfáà kan, pásítọ̀ kan àti ìyá àgbà kan tó jẹ́ olórí ẹ̀ka nínú ẹbí tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gbóná, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín wà lẹ́nu ìjà ogún lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ wá bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé la ó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n dá l'Ékòó ní 1958, tó sì tún dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Olóògbé kan fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni ká fi pín in, kí ojú ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdámẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀? Kọ́ọ̀tù sọ pé ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà bí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, tó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, ọ̀nà mìíràn ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà pín dúkìá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni kò mọ irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe gan-an títí ọkọ fi kú. Èyí ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ìwé ìgbéyàwó wà nínú àpótí wọn látọjọ́ yìí, ẹnì kan kò sì kà á fún wọn rí.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, àwọn ọmọ SS 2 yóò gbẹ́jọ́ níwájú yín. Adájọ́ yóò wà, agbẹjọ́rò ìjọba yóò wà, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò wà, ògbufọ̀ náà yóò wà. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló hùmọ̀ ẹjọ́ náà: fóònù kan sọnù ní èbúté, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tó ń gbé ẹrù. Mo fẹ́ kí ẹ fetí sí ògbufọ̀ yẹn dáadáa. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún un, lákọsílẹ̀, láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Bí kò bá sì gbọ́ èdè tí kọ́ọ̀tù ń sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ ni títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ náà, a ó sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ lórí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007, àti lórí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, níbi tí ẹni tí kò lówó ti lè rí lọ́yà láìsan kọ́bọ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, jẹ́ ti àwọn ọmọ tó fẹ́ di agbẹjọ́rò àti àwọn òbí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé ọmọ kúrò nídìí Literature pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́: ọmọ tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú rẹ̀ àti nínú gẹ́ẹ́sì kò lè rọrùn fún un láti wọ ẹ̀ka òfin ní yunifásítì. Ọdún márùn-ún ni yóò lò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lẹ́yìn òfin 1962, tí olú rẹ̀ wà ní Bwari, l'Ábújá báyìí. Kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, ìlú òyìnbó ni àwọn bàbá wa ń lọ kọ́ ọ. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú àwa ọmọ Nàìjíríà, ní 1879. Stella Thomas gba tirẹ̀ ní 1933, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di májísíréètì nílẹ̀ wa, ní 1943. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí léèrè bóyá iṣẹ́ obìnrin ni. A ti kọ̀wé sí ẹ̀ka òfin yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́ pé a fẹ́ kó àwọn ọmọ wá wo ibẹ̀. Bí wọ́n bá dá wa lóhùn, ẹ ó gbọ́.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ la ó máa bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀ Rámàdánì yóò bá wa lẹ́nu rẹ̀, ìdí nìyí tí a kò fi gbé e sí ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè tètè padà sílé ṣètò ìṣínu. A kò ní gba owó kankan. Ẹni tó bá ní bàbá tàbí ìyá àgbà nílé, kó mú wọn wá; àga tó ní ìfẹ̀yìntì yóò wà fún wọn níwájú.

Ọ̀rọ̀ kékeré mélòó kan: àwọn ọmọ tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wá sílé-ìwé kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ láìsí ẹ̀wù amúniléfòó, bí ọlọ́kọ̀ bá tilẹ̀ ń kánjú. Àwọn SS 3 yóò máa dúró fún ẹ̀kọ́ àfikún títí di agogo mẹ́rin. Ìsinmi àárín sáà yóò jẹ́ ọjọ́ méjì, olùkọ́ kíláàsì yóò sọ ọjọ́ rẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá ní ìwé tó ń kọ yín lóminú, àwọn agbẹjọ́rò yóò dúró fún wákàtí kan lẹ́yìn ètò kọ̀ọ̀kan láti kà á fún yín ní kọ́lọ́fín. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ mú wá. Ẹ fi ojúlówó sílẹ̀ nílé, ẹ má sì gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, èmi náà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá rówó ṣe ẹ̀dà, kó wá sí ọ́fíìsì mi láàárín ọ̀sẹ̀, a ó bá a ṣe é lójú rẹ̀. Tí ẹnì kan bá sì ń fòòró yín pé kí ẹ fọwọ́ sí nǹkan kí Sátidé tó kò, ẹ sọ fún un pé ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ yín ní kó ní sùúrù.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ẹ̀kọ́