Bùkọ́lá, má jẹ̀ẹ́ ká lọ sí Firenze lọ́jọ́ Ajé

Bologna, Ítálì

Bùkọ́lá mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó gbà pé òótọ́ ni, pé ìpàdé iṣẹ́ ń gbé ọ bọ̀ ní Róòmù, àti pé o fẹ́ ká fi ọjọ́ méjì ṣe fàájì ní Firenze, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Florence. Ọdún mẹ́fà rèé tá a ti fojú kanra gbẹ̀yìn!

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé tó o mú yẹn kò ní bá wa lára mu. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ti Uffizi àti Accademia, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì tí wọ́n kó àwòrán àti ère sí. Ó ti ṣe mí rí: mo jí ní aago márùn-ún, mo wọ ọkọ̀ ojúirin láti ibí, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, gbọnin ló tì. Jẹ́ ká sún un sí Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀.

Ibi mọ́kànlá tó o kọ ránṣẹ́ náà pọ̀ jù. Tá a bá ń sáré kiri báyẹn, fọ́tò nìkan la máa kó délé. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ ká mú mẹ́rin, ká sì wò wọ́n tẹ́rùn.

Ní Accademia, ọ̀dọ̀ ère Dáfídì ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Ó ga ju mítà márùn-ún lọ. Òkúta tí àwọn mìíràn ti gbẹ́ díẹ̀, tí wọ́n pa tì, ni Michelangelo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ní 1501, ó sì parí rẹ̀ ní 1504. Ṣùgbọ́n kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ère ẹrú kan tí kò gbẹ́ tán wà lọ́tùn-ún lósì. Ṣe ni wọ́n ń jà láti jáde nínú òkúta. Sún mọ́ wọn, wàá rí ojú irin tó fi gbẹ́ wọn, ìlà wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀lé ara wọn bí irun tí wọ́n fi òòyà yà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká pẹ́ sí jù.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn idẹ tí Ghiberti ṣe fún ilé ìbatisí tó wà níwájú kàtídírà. Ẹ̀dà ló wà lára ilé náà báyìí. Ojúlówó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́yìn kàtídírà. Ọdún 27 ló fi ṣe é, 1425 sí 1452. Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ àwọn àwòrán ara rẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n yọ́ ìda náà dànù, wọ́n wá da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ilé ìwé kó wa lọ sí Ifẹ̀, tó o dúró ti orí idẹ tí ìlà gba gbogbo ojú rẹ̀ kọjá, tí tíṣà wá fà ọ́ kúrò níbẹ̀? Ọgbọ́n ìda yẹn náà ni àwọn baba wa lò. Ìwọ ni mo rántí nígbà tí mo dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn.

Uffizi di Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀. Ẹ̀kẹrin ni òrùlé rìbìtì kàtídírà tí Brunelleschi kọ́ láàárín 1420 sí 1436. Àtẹ̀gùn 463 ni, ó há, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Ṣé orúnkún rẹ ti san? Tí kò bá tíì san, a ò ní gun ún. A máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Piazzale Michelangelo, gbàgede kan lórí òkè, nírọ̀lẹ́, ká wo gbogbo ìlú bí oòrùn bá ń wọ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ti délẹ̀. Wọ́n ń ta lampredotto lójú pópó: inú màlúù ni, ọmọ ìyá ṣàkì. Wọ́n á sè é, wọ́n á gé e sínú búrẹ́dì, wọ́n á ti búrẹ́dì náà bọ omi ẹran. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ata sí i.

Wọ bàtà pẹlẹbẹ, òkúta ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo títì. Tíkẹ́ẹ̀tì tètè ń tán, wákàtí téèyàn máa wọlé sì wà lára rẹ̀, nítorí náà fèsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí n lè rà á. Má gbàgbé láti sọ bí orúnkún ṣe rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Fúnmi