Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Tí Ẹ Tà Fún Mi Ń Súfèé, Ọ̀rọ̀ Kò Yé Mi Síbẹ̀

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Sí Alákòóso tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni bàbá tó ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn méjì lọ́wọ́ yín ní oṣù Kejìlá tó kọjá. ₦190,000 ni mo san, mo sì ti fi rìsíìtì há ara lẹ́tà yìí. Ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá wá sí ọ́fíìsì yín, nọ́ńbà kan ni wọ́n máa ń já lé mi lọ́wọ́ pé kí n pè. Ẹ jọ̀ọ́, etí wo ni kí n fi pè é? Ìyàwó mi bá mi pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọbìnrin tó gbé e ní ẹni tó ra ọjà gan-an lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ní, "Bàbá kò gbọ́ràn, ìdí tí wọ́n fi ra ọjà yín nìyẹn." Ó ní, "Ẹ ṣáà gbé fóònù fún wọn, mà."

Ọdún 27 ni mo fi la pákó nílé ìlagi, mi ò fi nǹkan kan dí etí rí. Ariwo ayùn ló jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, ìwé tí wọ́n fún mi fi hàn pé ìró tó ki ṣì ń dé ibẹ̀; èyí tó tínrín ni kì í dé, pàápàá ní 4,000 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe tínrín tó), níbi tí ilà tí wọ́n fà sínú ìwé náà ti já wálẹ̀ dé 65 dB, ìyẹn bí ìró ṣe gbọ́dọ̀ le tó kí n tó gbọ́ ọ. Bó ṣe rí lára mi nìyí: tí ìyàwó mi bá ń sọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí gángan bá ń dún lókèèrè. Àmọ́ f, s, ṣ, wọn kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀fọ́ ló wí, mo ní ṣé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀rọ tó yẹ mí ni èyí tí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà tò bí ìwé yẹn ṣe wí, tí á gbé ìró tínrín sókè, tí á sì fi èyí tó ki sílẹ̀.

Mo gbé ìwé náà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tajà fún mi kò tilẹ̀ ṣí i. Ó yọ ẹ̀rọ nínú páálí, ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ̀ mí létí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Mo gbọ́ ọ. Ariwo ló ń pa.

Láti ìgbà náà, gbogbo nǹkan ló ń ké lé mi lórí: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ṣíbí nínú abọ́, bébà lásán. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò là sí i. Rọ́bà yẹn kò dí ihò etí mi pé, ìró ń jò padà sínú máíkì ẹ̀rọ, ló bá ń súfèé. Níbi ìkómọjáde ọmọ-ọmọ mi, bí mo ṣe tẹ orí sílẹ̀ kí n gbọ́ orúkọ, ó han gooro, ọmọ bú sẹ́kún. Mo yọ ọ́ sápò agbádá. Ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ ni ìyàwó mi kọ orúkọ náà sí fún mi.

Ti bátìrì, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo ṣí bébà aláwọ̀ ọsàn ẹ̀yìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, kí n má baà máa fi ìka jà á lójoojúmọ́. Ọmọ àbúrò mi ló là mí lóye pé atẹ́gùn ni irú bátìrì yìí, tí wọ́n ń pè ní 13, ń mu. Bí a bá ti ṣí bébà rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, à báà lò ó, à báà má lò ó. Ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kí n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ etí tò ó bí ìwé mi ṣe wí, kí wọ́n wọn ihò etí mi, kí wọ́n sì ṣe rọ́bà tó bá a mu. Bó bá jẹ́ irú èyí tó kàn ń gbé gbogbo ìró sókè ni, tí kò ṣeé tò, ẹ dá owó mi padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín. Lẹ́yìn rẹ̀, màá kó àwọn ìwé mi lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ fún irú ẹjọ́ báyìí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ fi dá mi lóhùn, sórí nọ́ńbà tó wà lára rìsíìtì. Ẹ má pè mí o.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.