Fọ́tò ìgbéyàwó tó kún fóònù rẹ

Ìbàdàn

Àkànbí ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi, pé fọ́tò ìgbéyàwó ti kún iPhone rẹ, pé o fẹ́ kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, kí o sì fún díẹ̀ pọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá nílé kí wọ́n lè tẹ̀ wọ́n. Má tíì pa fọ́tò kankan rẹ́ lórí iPhone yẹn, má sì tíì fún ìkankan pọ̀ nítorí kí Màmá lè rí i gbà nílé. Ẹ̀dà là ń dín kù. A kì í fọwọ́ kan ojúlówó.

Wáyà tí o máa fi so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òmíràn wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, dátà kò ríbi gbà nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí fóònù, pààrọ̀ wáyà ná. Ṣí fóònù, tẹ Trust, kí o wá wọ Settings, wá Photos (inú Apps ló wà lórí iOS 18 sókè), lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí o yan Keep Originals. Bí o bá fi í sílẹ̀ sórí Automatic, fóònù á máa sọ HEIC (irú fáìlì tí iPhone fi ń pa fọ́tò mọ́) di JPEG (irú tí kọ̀ǹpútà gbogbo mọ̀) bó ṣe ń kó wọn lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń dúró lágbede méjì lórí Windows. Lórí kọ̀ǹpútà, fóódà DCIM, níbi tí fọ́tò fóònù wà, ni kí o ṣí. Copy ni kí o lò, má lo Cut, nítorí wáyà lè yẹ̀.

Ka iye fáìlì tó dé. Ó lè pọ̀ ju iye fọ́tò lọ, torí Live Photo (fọ́tò tó ń mira díẹ̀) kan máa ń di fáìlì méjì. Bó bá dín, wò ó bóyá Optimize iPhone Storage, tó ń fi ẹ̀dà kékeré nìkan sílẹ̀ lórí fóònù, wà ní títàn: ojúlówó tó wà lórí iCloud (ibi ìpamọ́ Apple lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) nìkan kò lè gba wáyà kọjá. Ọdún ni kó ṣáájú nínú orúkọ fóódà, bíi 2025-04-19, kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ní ti fífún wọn pọ̀, gbàgbé ZIP. JPEG àti HEIC ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀. ZIP kàn ń dì wọ́n lẹ́rù kan ni. Ìwọ̀n àwòrán gan-an ni kí o dín, láti píksẹ́lì 4032×3024 sí 2048 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Nínú IrfanView, ètò tó ń ṣí fọ́tò lórí Windows, tẹ B, yan JPG, fi quality sí 85, kọ 2048 sínú Advanced, kí o sì darí gbogbo rẹ̀ sí fóódà mìíràn tí o pè ní Kékeré. IrfanView nílò plugins (ètò àfikún) tirẹ̀ kó tó lè ṣí HEIC. Má lọ sílẹ̀ jù ní quality o! Lẹ́ẹ̀sì ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, gbogbo ihò rẹ̀ á dàpọ̀, ẹni tó sì rówó ra aṣọ ẹbí á bínú. Wíwo JPEG kì í bà á jẹ́. Títún un ṣe kí a sì tún un fi pamọ́ léraléra ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí o bá ń fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Document ni kí o yàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún wọn fún pọ̀. Fọ́tò íǹṣì 6×4 tí wọn yóò tẹ̀ kò fẹ́ ju píksẹ́lì 1800×1200 lọ, nítorí náà Kékeré tó Màmá. Bí wọ́n bá fẹ́ férémù ńlá, ojúlówó ni kí o fún wọn.

Ìgbà tí ojúlówó bá wà lórí kọ̀ǹpútà àti lórí háàdì dírááfù kan lọ́tọ̀ ni kí o tó pa ti fóònù rẹ́. Bí iCloud Photos bá wà ní títàn, tibẹ̀ náà á lọ. Àyè kò sì ní yọ lórí fóònù títí o fi máa kó ohun tó wà nínú Recently Deleted dànù, tàbí kí ó pé 30 ọjọ́.

Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni,
Àlàbí